Kí Philomena Yọwọ́ Kí A Tó San Owó Kọ̀ǹpútà

Ìbídàpọ̀ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà ní wáàfù Onne tí ọ̀gá rẹ gbé ọ lọ? Ṣé wọ́n ń fún ọ jẹun, ṣé omi ibẹ̀ bá ọ lára mu? Ọlọ́run tó mú ọ débẹ̀ láìfarapa ni yóò mú ọ padà sí Ajégúnlẹ̀, kọ̀ńténà kankan kò ní já lé ọ lórí, orúkọ rẹ kò ní sọnù láàrin orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ sanwó oṣù fún. Èmi ìyá rẹ ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ láti inú yàrá ìwọ fúnra rẹ, lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ tó ń dún bí ẹni tó ń ráhùn. Àbúrò rẹ Morádéún ló ń bá mi kọ ọ́, nítorí ọwọ́ tèmi kì í dúró lórí ìlà.

(Bọ̀dá Dàpọ̀, èmi Déún nìyí, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ohun tí màámi bá sọ ni mò ń kọ. Èyí tí mo bá há sáàrin àmì báyìí, tèmi ni, wọn ò mọ̀ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á sí wọn létí tí ẹ bá dé.)

Morádéún ní kí n sọ̀rọ̀ sínú fóònù, pé yóò gba ohùn mi sílẹ̀, yóò fi ránṣẹ́ sí ọ. Mo ní rárá. Tí mo bá padà sílé tán, kí ohùn mi ṣẹ́kù sí Èkó, ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀? Ó tún ní o lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tí o bá fẹ́. Àdúrà tí wọ́n ti gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ṣé agbára ṣì kù nínú rẹ̀? Friday tó ń wa tírélà lọ sí Onne ló máa gbé lẹ́tà yìí wá. Fún un ní omi tútù mu tó bá dé.

Bàbá rẹ ń kí ọ, ẹ̀yìn ń dùn ún díẹ̀, àmọ́ kò jẹ́ kí etí wa sinmi nípa rẹ̀. Ewúrẹ́ wa ti bí méjì. Nínú yàrá rẹ níbí, mo ti gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ti fọ aṣọ fèrèsé, mo sì bá káàdì báńkì rẹ méjì lábẹ́ pílò, wọ́n ti dọ̀tí. Mo fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, mo sá wọn sóòrùn.

(Ọ̀kan ti tẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi.)

Ó yá, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tó gbé wa wá. O ní kí n mú Morádéún wá sí Èkó, kí a lọ sí ṣọ́ọ̀bù Azubuike ní Màálù Róòdù, kí a fi owó tí o kó sí mi lọ́wọ́ ra àlòkù tí wọ́n ti tún ṣe. O ní tí a bá rí èyí tó dára, Morádéún á dúró sí Ajégúnlẹ̀, á máa fi tẹ ìwé fún àwọn ajẹ́ntì tó ń gbẹ́rù jáde ní wáàfù. Tí a kò bá rí, kí ó bá mi padà sílé wá máa yan ẹja. Mo gbọ́ ọ dáadáa.

(Mi ò yan ẹja mọ́. Èéfín ti wọ irun mi tán, ọṣẹ kankan ò lè yọ ọ́. Láti ìgbà tí mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ni mo ti ń yan ẹja. Tí wọ́n bá mú mi padà, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ láyé mi. Mo ti pinnu.)

Ọmọ dáadáa ni Azubuike. Ọmọ Igbo ni, àmọ́ Yorùbá yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì dọ̀bálẹ̀ kí mi láàrin àwọn wáyà rẹ̀. Wọ́n to kọ̀ǹpútà jọ níbẹ̀ bí ìgbà tí búrẹ́dì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Ó gbé mẹ́ta síwájú wa. Àkọ́kọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán, owó rẹ̀ sì ju agbára wa lọ, ni mo bá yí ojú rẹ̀ sí ògiri kí Morádéún yéé wò ó. Ìkejì tóbi, mo gbé e wò, ó wúwo, inú mi dùn sí i, àfi ìgbà tí wọ́n tàn án tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Azubuike ní fáànù inú rẹ̀ ni. Mo ní tó bá ń ké báyìí nígbà tí kò tíì ṣe nǹkan kan, ọjọ́ tí a bá wá fún un níṣẹ́ ńkọ́?

Ìkẹta ló wọ̀ mí lójú. Ó mọ níwọ̀n, kò pariwo, ìlà kan ṣoṣo ló gba ojú rẹ̀ kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Azubuike ní nítorí ìlà yẹn ni owó rẹ̀ ṣe wálẹ̀, pé inú rẹ̀ mọ́. Mo ní ìlà ojú kì í pa èèyàn, bàbá rẹ náà kọlà, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ó ní ìrántí inú èyí jẹ́ mẹ́jọ, ràámù ló pè é, pé òun tún lè fi mẹ́rin sí i dípò rẹ̀ kí owó túbọ̀ wálẹ̀. Mo ní mẹ́rin tó ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí kò tíì lọ́kọ. Morádéún fi ìgbúnwọ́ gún mi, ó ní mẹ́jọ la fẹ́. Mo gbà fún un.

Mo ti na ọwọ́ sí ibi tí mo di owó sí kí n tó rí i. Ojú kọ̀ǹpútà náà mọ́lẹ̀, àwòrán òdòdó pupa kan yọ, wọ́n sì kọ orúkọ èèyàn sábẹ́ rẹ̀. Morádéún kà á fún mi, ó ní Philomena. Mo bi Azubuike pé ta ní ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tó ń lò ó tẹ́lẹ̀ ni, ní ọ́fíìsì kan ní Àpápá tí wọ́n ti kó kọ̀ǹpútà wọn àtijọ́ tà fún òun. Ó ní kí n má dààmú, pé òun á pa á rẹ́ kíá. Mo ní kí ni obìnrin náà ṣe fún ọ tí o fẹ́ pa á rẹ́? Mo bi í bóyá obìnrin náà yọwọ́ kí wọ́n tó gbé e jáde. Kò mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìwọ mọ̀ ọ́n, Ìbídàpọ̀. Nígbà tí bàbá rẹ ra ọkọ̀ ojú omi àlòkù lọ́wọ́ opó kan ní Snake Island, ṣebí obìnrin náà wọ inú omi dé orúnkún, ó gbé ọwọ́ lé imú ọkọ̀, ó ní òun yọwọ́, ó sì gbé ọwọ́ náà kúrò lójú gbogbo wa kí bàbá rẹ tó sanwó. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ra nǹkan àlòkù. Ọmọ́lẹ́yẹ ará abúlé wa ra tiẹ̀ láìjẹ́ kí ẹni tó ni ín yọwọ́, gbogbo òwúrọ̀ la máa ń bá ọkọ̀ náà ní èbúté ẹni tó tà á.

(Bọ̀dá Ọmọ́lẹ́yẹ ò mọ okùn so ni.)

Azubuike rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ìgbà tó rí i pé èmi ò rẹ́rìn-ín, ó jókòó dáadáa. Ó ní oníbàárà kan ń bọ̀ láti Kirikiri tó fẹ́ èyí gan-an, àti pé kò sí òmíràn tí owó wa lè rà. Ó ní nítorí ìwọ, òun á gbé e pamọ́ fún wa di ìrọ̀lẹ́ Sátidé.

(Azubuike wá rọra bi mí pé ṣé màámi nìyẹn. Mo ní rárá o, aládùúgbò wa ni wọ́n, a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan ni. Ọlọ́run á dárí jì mí. Bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń bó ẹ̀pà fún mi.)

A lọ sí ọ́fíìsì náà ní Àpápá. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì ní wọ́n ti dá Philomena dúró lẹ́nu iṣẹ́, pé Ajégúnlẹ̀ níbí ló ń gbé, lẹ́yìn ọjà Bọ́ńdàrì. A béèrè títí a fi kan ilé rẹ̀. Mo kí i, mo ní a wá nítorí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kí ó jọ̀ọ́ bá wa lọ tẹ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sí i. Ìbídàpọ̀, obìnrin náà ké! Ó ní gbájúẹ̀ ti dé ojúlé òun o, pé àwọn tó ń fi fóònù jí owó èèyàn ti ń fi ẹsẹ̀ wọn rìn báyìí. Gbogbo ilé jáde. Ọkùnrin kan na ìgbálẹ̀ sí mi, ó ní báńkì wo ni mo ní mo ti wá. Mo ní èmi ò ti báńkì kankan wá o, inú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ ni mo wà.

(Mo sá lọ sẹ́yìn kànga. Mo sunkún níbẹ̀. Ọjọ́ Sátidé gan-an nìyẹn, oòrùn sì ti ń wọ̀.)

Mo sọ fún Philomena pé kí ó pa ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀ mọ́ sínú, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ, òdòdó pupa rẹ̀ ni mo rí ní Màálù Róòdù, mi ò sì fẹ́ kí ọmọ mi jókòó sídìí nǹkan onínǹkan. Ìgbà tó gbọ́ òdòdó pupa, ó yéé ké. Ó ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì òun nìyẹn. Ó wọ bàtà, ó ní ká lọ, àmọ́ ó mú ọkùnrin onígbálẹ̀ dání.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, Azubuike ti ń ti ilẹ̀kùn. Ó tún un ṣí. Mo ní kí gbogbo wa kọjú sí ògiri kí Philomena tó tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀, bí a ṣe máa ń ṣe tí obìnrin bá ń pààrọ̀ aṣọ. Azubuike kọjú sí ògiri, oníbàárà tó ti Kirikiri wá náà kọjú sí ògiri, ọkùnrin onígbálẹ̀ pàápàá di ojú.

Ohun tí a gbọ́ lẹ́yìn wa ni ẹkún. A yíjú. Àwòrán ìyá rẹ̀ ló kún inú kọ̀ǹpútà náà, ìyá tó ti kú, níbi tó ti ń jó, níbi tó ti ń gé ewébẹ̀, níbi tó ti sùn lọ lórí àga tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n dá òun dúró, wọn ò jẹ́ kí òun fọwọ́ kan tábìlì òun mọ́, pé òun rò pé àwọn àwòrán náà ti sọnù ni. Azubuike kó gbogbo wọn sí nǹkan kékeré kan bí ìka ọwọ́ fún un, kò gba kọ́bọ̀. Oníbàárà Kirikiri ní òun ò bá wa du kọ̀ǹpútà mọ́, ó yan èyí tó ń ké. Philomena nu ojú, ó gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà tiwa lórí, ó ní ó ti tán, òun ti fi í sílẹ̀. Pijin ló fi sọ ọ́, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run gbọ́ pijin. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Mo sanwó.

(Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Kò parí. Bí a ṣe gbé e délé, màámi ní àwọn ò lè fi èmi nìkan sílẹ̀ nínú yàrá yìí nígbà tí ẹ̀yin ò sí, pé àwọn á gbé èmi àti kọ̀ǹpútà padà sí abúlé. Sí abúlé! Níbi tí iná ò sí! Mi ò jẹun alẹ́.)

Ọmọ yìí ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo rò pé ibà ni. Ní àná, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Philomena wá kí wa. Ó di ìka Morádéún mú, ó wò wọ́n, ó bi í bóyá ó mọ kọ̀ǹpútà tẹ̀, Morádéún ní rárá. Philomena ní òun ò tíì rí iṣẹ́ míì, òun á máa wá kọ́ ọ láràárọ̀, pé kí ó máa sun ọ̀dọ̀ òun títí ìwọ yóò fi dé. Mo ní èló? Ó ní ṣé mo gba owó lọ́wọ́ òun lórí ìyá òun ni? Mo gbà fún un, Ìbídàpọ̀. Mo ti di ẹrù mi. Tèmi nìkan.

(Wọ́n sọ ìyẹn, wọn ò sì wo ojú mi. Wọ́n wá bi mí pé kí ló dé tí ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí àwọn sọ fi gba ewé ìwé tó pọ̀ tó báyìí. Mo ní ọwọ́ mi ló tóbi.)

Ó ku owó. Azubuike ní ooru ni ọ̀tá kọ̀ǹpútà, nítorí náà fi owó fáànù méjì ránṣẹ́, ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún ọmọ. Tó bá jẹ́ ọ̀kan ni agbára rẹ ká, ti ọmọ ni kí o rà. Fi owó aṣọ tí a ó máa fi bo kọ̀ǹpútà náà sí i, àti owó ọkọ̀ mi, àti ti ọṣẹ ìfọṣọ tí mo ti lò tán. Friday ni kí o fún, má fi í sọ́dọ̀ obìnrin tó ń tẹ owó jáde lára ẹ̀rọ ní oríta. Nígbà tí mo gba owó lọ́dọ̀ rẹ̀, ó tẹ ìwé pélébé kan lé e fún mi, mo ti fi í sínú Bíbélì, sọ ọjọ́ tí yóò di owó fún mi.

Ìbídàpọ̀, iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ọ̀gá rẹ kò ní gbàgbé rẹ sí Onne. Ohun tí o bá rà kò ní padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Ìyàwó tó máa bọ̀wọ̀ fún mi ni o máa mú wálé.

Èmi ìyá rẹ ni.

(Wọ́n ní ó tún ku nǹkan kan, pé kí n kọ ọ́ bí àwọn ṣe sọ ọ́, kí n má fo ọ̀kan.)

Ọmọ tó ń kọ lẹ́tà yìí, ọwọ́ tó fi ń kọ ọ́ kò ní wá iṣẹ́ tì. Ojú tó ń fà ro láti àárọ̀ yìí, Ọlọ́run á tú u ká. Èmi kò ní sí níbí lọ́la láti jí i, kí ẹlẹ́dàá rẹ̀ máa jí i. Èkó á gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, kò sì ní gbà á lọ́wọ́ mi. Kí ó kọ Àmín síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

(Àmín. Òrùlé yín ń jò, Bọ̀dá, òun ló ba ìlà yìí jẹ́. Ẹ má bi mí bóyá òjò rọ̀.)