Igo Kajú Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Àdìkẹ́

Ṣọ́ọ̀bù Gbádé Oyètúndé, alátùn-únṣe bàsíkùlù,
Ẹ̀bá stéṣàn réluwéè, Ọ̀fà.
Ọjọ́ Ẹtì, 13 Máàṣì 1959.

Susannah Àdìkẹ́, ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ, má ṣí igo tí Bíọ́lá aládùúgbò wa ń gbé bọ̀ wá bá ọ ní Ìbàdàn. Bí o bá ti ṣí i, dé e padà. Bí o bá ti fi kan ojú, fi omi púpọ̀ ṣàn án, kí o sì lọ sí ọsibítù kí o tó ka ìyókù lẹ́tà yìí.

Ó yá, mo wá kí ọ o. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara Akínwándé, ọkọ rẹ lọ́la, le? Ṣé iṣẹ́ táípù kò pọ̀ jù fún ọ ní ọ́fíìsì? Ọlọ́run tó mú wa rí oṣù yìí yóò mú wa rí ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ lẹ́yìn Àjíǹde, a ò ní fi ẹkún ṣe é. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ewúrẹ́ dúdú ti bí mẹ́ta, ìyá rẹ náà wà dáadáa, ó ní kí n kí ọ, ṣùgbọ́n kò bá mi sọ̀rọ̀ tó nǹkan láti Ọjọ́rú, ìdí rẹ̀ sì ni mo fẹ́ rò fún ọ.

O rántí lẹ́tà rẹ ti oṣù tó kọjá, tí o ní àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ń sọ pé àmì mẹ́ta tó wà lábẹ́ ojú òsì rẹ yóò hàn nínú fọ́tò ìgbéyàwó, tí o sì fi fọ́tò kan sínú rẹ̀ kí a lè rí i. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo ní èmi tí mo ti ń yọ ìpáàrà kúrò lára irin bàsíkùlù láti ọdún mọ́kànlélógún, ṣé àmì mẹ́ta péré ni yóò wá borí mi. Mo lọ bá Ràfátù tó ń ta ọṣẹ dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní àwọn kan máa ń fi omi èso kajú pa ojú, ṣùgbọ́n òun kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú rẹ̀, ọṣẹ nìkan ni kí n rà. Ibi tó ti dárúkọ kajú ni etí mi ti dí. Mo rò ó pé bí omi èso bá lè ṣe díẹ̀, oje inú èèpo kóró rẹ̀ tó máa ń bó ni lẹ́nu yóò ṣe púpọ̀. Mo fọ́ kóró kajú, mo fún oje èèpo rẹ̀, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo bu ọṣẹ Ràfátù lé e, ó sì ń hó. Mo ní ohun tó bá ń hó, iṣẹ́ ló ń ṣe.

Má rò pé mo kàn gbé e ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọlọgbọ́n ni bàbá rẹ, mo kọ́kọ́ dán an wò. Mo gbé fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ kalẹ̀, mo fi ìyẹ́ adìẹ kán oògùn náà sórí àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo rọra fi àkísà nù ún. Àdìkẹ́, wọ́n lọ. Ojú rẹ mọ́ tónítóní. Lóòótọ́ imú rẹ bá a lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbà pé mo kán an pọ̀ jù ni, mo sì kọ ọ́ sára igo pé kí o má jẹ́ kó dé ẹ̀bá imú. Mo pe ìyá rẹ kó wá wò ó. Ó wò ó títí, ó bi mí pé ta nìyí. Mo ní ọmọ rẹ ni. Ó ní kí n má fi nǹkan yẹn ránṣẹ́ sí ọmọ ẹnikẹ́ni, mo sì dá a lóhùn pé kò mọ iṣẹ́ irin. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Bíọ́lá wọ ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú igo náà.

Ó ku ìdajì lọ́wọ́ mi. O mọ àmì dúdú tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún mi, tó tó ẹyọ ẹ̀wà kan. Mo ní bàbá ìyàwó náà yóò ya fọ́tò, kò sì yẹ kí ọmọ dán kí bàbá máa ní àbàwọ́n. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú mo pa á sí i nípọn, mo jókòó kí ó lè gbẹ. Ó kọ́kọ́ tutù, bí mo ṣe sùn lọ nìyẹn. Kò sí ẹni tó jí mi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ló jí mi. Mo sáré ki orí bọ inú omi tí mo fi ń wá ibi tí tíúbù ti lu. Adétóyè kápẹ́ńtà tó wá gba bàsíkùlù rẹ̀ bá mi níbẹ̀, ó sì bi mí bóyá orí mi ló ń jò.

Ní dísípẹ́ńsárì láàárọ̀ àná, ọkùnrin tó fi báńdéèjì dì mí bi mí bóyá mo dán oògùn náà wò kí n tó lò ó. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, lára fọ́tò. Ó tọrọ gáfárà, ó jáde, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn ilé. Nígbà tó wọlé padà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kí n dúpẹ́ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni, pé ká ní abẹ́ ojú ni, oje náà ìbá ti ṣàn wọ ẹyinjú. Abẹ́ ojú gan-an sì ni mo ní kí ìwọ pa á sí.

Mo gba ibẹ̀ lọ sí pósófíìsì láti tẹ wáyà sí ọ. Akọ̀wé ní iye ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń gba owó, kí n sọ kókó nìkan. Mo bẹ̀rẹ̀ pé, Àdìkẹ́ ọmọ mi, o kú iṣẹ́, ṣé dáadáa ni, ìyá rẹ kí ọ, ewúrẹ́ bí mẹ́ta, nípa igo kajú náà. Ibẹ̀ ni owó ọwọ́ mi tán sí. Akọ̀wé ní kí n yọ ìkíni kúrò, mo bi í bóyá èmi àti ọmọ mi ń jà ni. Ó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, inú mi sì dùn títí mo fi délé. Ìgbà tí ìyá rẹ ní kí n sọ gbogbo rẹ̀ fún òun lẹ́sẹẹsẹ ni mo tó rí i pé mo ti sanwó láti rán ọ létí igo náà. Ìdí nìyẹn tí n kò fi kọ́kọ́ kí ọ lónìí, jọ̀wọ́ má bínú.

Bíọ́lá sọ pé òun yóò yà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ní Òṣogbo títí di Sátidé. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, lẹ́tà yìí lè ṣáájú rẹ̀ dé. Àdúrà tí èmi àti ìyá rẹ ń gbà láti àná kò ju ìyẹn lọ.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ọ rí. Ọdún tí ìgbóná jà, ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọ́. Ọmọ méjì kú ní agboolé wa. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi jókòó tì ọ́, n kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ gbẹ tán, àmì mẹ́ta péré ló kù lára rẹ, mo sì fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń dúpẹ́. Láti ìgbà náà, nígbàkigbà tí o bá ti ilé ìwé dé tí èrò ń rọ́ jáde ní stéṣàn, àwọn ni mo máa ń wá láàárín ojú gbogbo. N kò mọ ohun tó ṣe mí tí mo fi gbàgbé. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an, ọmọ mi.

Jọ̀wọ́, gbẹ́ ilẹ̀ kí o ri igo náà mọ́ ọn, kí o sì fèsì kíá. Bí ṣílè márùn-ún bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́ fún ìpara tí wọ́n kọ fún mi, nítorí wáyà ti gbé tèmi lọ. Fi fọ́tò mìíràn sí i, kí onífọ́tò má ṣe tún ojú rẹ ṣe. Èyí tí mo tún ṣe wà lórí ògiri. Ojú inú rẹ̀ ń dán, kò ní àbàwọ́n kankan, èmi àti ìyá rẹ sì máa ń wò ó bí ẹni tó ń wo àlejò.

Ọlọ́run yóò bá mi pa ojú rẹ mọ́ bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ilé ọkọ yóò tù ọ́ lára, wàá fi ọwọ́ rẹ gbé ọmọ jó, àwa náà yóò sì dé Ìbàdàn láyọ̀ láti wá sìn ọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Tí o bá wá pàdé wa ní stéṣàn, wá ọkùnrin tí gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀ bó. Àmì dúdú náà ṣì wà láàárín rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Gbádé.