Oyin Tí Mo Fi Rọ́pò Ṣúgà

Ọ̀kà, Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì

Èmi tí mo fẹsẹ̀ rìn, tí mo ru iṣu láti Ṣúpárè dé ọjà Ìkàrẹ́ títí mo fi kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì! Ẹsẹ̀ yìí kan náà ni wọ́n fẹ́ gé.

Nọ́ọ̀sì tú báńdéèjì lónìí, egbò ti dúdú. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ fi ṣúgà sílẹ̀ bí a ṣe wí?"

Mo fọwọ́ sọ àyà. "Láti ọjọ́ tí ẹ ti ní ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe mí, hóró kan ò kan ẹnu mi. Oyin ni mo fi ń mu ẹ̀kọ. Ojúlówó ni!"

Sàráátù ìyàwó mi pariwo. "Baba Músá, mo sọ, mo sọ! Ẹ ní kí ni obìnrin mọ̀. Iyán láàárọ̀, iyán lálẹ́, oyin láàárín!"

Nọ́ọ̀sì ní ṣúgà ni gbogbo rẹ̀ ń dà nínú ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni dókítà máa wò ó. Bí kò bá sàn...

Ẹ̀wà díẹ̀ àti ẹ̀fọ́ ni mo jẹ lálẹ́ yìí. Kò yó mi. Àwọn ará ẹ̀yìnkùlé ń gúnyán, ìró odó ń dún wọ inú egbò mi.

Ọ̀la ni Jímọ̀. Sàfù iwájú ní mọ́sáláṣí ni ipò mi, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ọlọ́run, bí ẹ bá máa gba nǹkan lọ́wọ́ mi, ẹ gba pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ fi ẹsẹ̀ tí n ó fi dúró kírun sílẹ̀ fún mi.