Sí Ẹbí Onílàjà Wa, Ẹni Tí Ó Gbọ́ Ohùn Ògiri

Ẹ̀yin ìyá wa, aya olóògbé, ẹ̀yin ọmọ àti gbogbo ẹbí,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn ni a fi ń kọ ohun tí ẹ ti fura sí kí ẹ tó ya àpò ìwé yìí. Ẹgbẹ́ àwa agbaṣẹ́ ilé kíkọ́ kì í kọ̀wé sílé ẹnikẹ́ni àfi tí ẹjọ́ bá wà tàbí tí ẹnìkan bá papò dà, kò sì sẹ́jọ́ láàárín wa. A bá yín kẹ́dùn baba wa, Alága Ìgbìmọ̀ Ìlàjà, tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Elétí-Ògiri. Wọ́n ní ó sùn lórí àga rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, lẹ́ni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, kò sì jí mọ́. Bí wọ́n bá ní kí a yan ikú, irú èyí ni ọ̀pọ̀ nínú wa yóò nawọ́ sí.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni olóògbé fi parí aáwọ̀ láàárín onílé àti agbaṣẹ́ṣe, ẹnikẹ́ni kò sì gbé ìdájọ́ rẹ̀ kan lọ sí kóòtù. Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Baba ní ìdí nìyẹn tí òun fi ń ti ìdí ògiri bọ̀ ní tòun. Kì í jókòó sí ọ́fíìsì gbẹ́jọ́. Bí ìwé àdéhùn bá tilẹ̀ nípọn tó ìrọ̀rí, á ní kí wọ́n gbé e dání, kí gbogbo ará máa lọ sí ilé tí wọ́n ń jà lé lórí. Níbẹ̀ ni yóò ti ṣí fìlà, tí yóò bọ́ awò ojú, tí yóò kó méjèèjì fún igbákejì rẹ̀ dì mú. Yóò ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ amúnáwá àdúgbò, kí èèyàn sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Yóò fi kọ́kọ́rọ́ kan ògiri lẹ́ẹ̀mẹta, yóò tẹ etí ọ̀tún mọ́ ọn, yóò sì dijú. Gbogbo ayé ló ti ń wí pé ògiri létí. Olóògbé ni ó kọ́kọ́ fi yé wa pé ògiri lẹ́nu.

A kò ní gbàgbé ọ̀rọ̀ ìyá agbẹ̀bí kan tí ó kọ́lé lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì. Ògiri yàrá ẹ̀yìn la láti òkè dé ilẹ̀, òun àti ọmọ-ọmọ mẹ́ta sì ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí òjò kù sí dẹ̀dẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe tí ó kọ́ ọ sọ pé ilẹ̀ ló rìn, àti pé ojú ewé kẹsàn-án ìwé àdéhùn ti sọ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò kan òun. Lọ́yà méjì ló kó wá, ọ̀kan gùn, ọ̀kan sanra, àwọn méjèèjì sì mọ ojú ewé kẹsàn-án náà sórí. Baba fetí lé ògiri. Ó pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí lọ́yà tó sanra fi wá ibi jókòó sí. Nígbà tí ara agbaṣẹ́ṣe kò gbà á mọ́, ó ní, "Baba, kí ló sọ?"

Baba kò lajú. Ó ní, "Ó ní kí n bi ọ́."

Ọkùnrin náà wo lọ́yà kan, ó wo èkejì. "Irin mẹ́rin ló yẹ kó wà nínú òpó yẹn," ló wí. "Méjì ni mo fi sí i."

Ògiri tuntun ti dúró kí òjò tó dé. Lónìí, agbaṣẹ́ṣe yẹn ni ó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé ìyá agbẹ̀bí lọ gba oògùn ojú.

Baba kò fi iyì rẹ̀ pamọ́, a kò sì bẹ̀ ẹ́ kí ó fi pamọ́. Fọ́tò rẹ̀ mẹ́tàlá ló wà ní ọ́fíìsì wa, tòun ti etí ọ̀tún lára ògiri nínú gbogbo wọn. Ògiri méjì nínú wọn kò tilẹ̀ ní ẹjọ́ kankan lọ́rùn. Ó kọ ìwé pẹlẹbẹ kan, níbi tí ó ti ṣàlàyé pé ògiri tí yanrìn rẹ̀ pọ̀ jù máa ń súfèé, èyí tí irin rẹ̀ kò pé a máa wúkọ́. Akápò wa dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀dà tútù kùn ún lẹ́rẹ̀kẹ́, rédíò aládùúgbò ló sì gbọ́.

Ipò baba ṣófo báyìí. Gbogbo wa ló rò pé igbákejì rẹ̀ ni yóò bọ́ síbẹ̀, ẹni tí ó bá a di fìlà mú fún ọdún mọ́kàndínlógún, tí ẹ̀yin ìyá wa ń pè ní ọmọ yín, tí kò sì níṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n láti bọlá fún olóògbé, ìpàdé wa fi í sínú òfin ẹgbẹ́ pé etí ọ̀tún nìkan ni onílàjà gbọ́dọ̀ máa fi gbọ́ ògiri, a sì rán igbákejì lọ yẹ etí wò. Dókítà sọ pé ẹ̀rọ afọ́kùúta tí ó ti bá ṣiṣẹ́ nígbà èwe ti ba tọ̀tún jẹ́. Tòsì nìkan ló dá pé. Igbákejì náà bẹ̀ wá pé kí a jẹ́ kí òun máa ṣe é bí òun ṣe mọ̀ ọ́n, nítorí pé ògiri kò bá òun sọ̀rọ̀ rí, ojú àwọn tó ń jà ni òun máa ń wò. A dárí ọ̀rọ̀ yìí jì í, a sì gba fáìlì ẹjọ́ ìlàjà lọ́wọ́ rẹ̀. A ti bá agbẹ́gilére sọ̀rọ̀ pé kí ó gbẹ́ etí ọ̀tún baba sí òkè ilẹ̀kùn wa.

Ní ti ilé yín, a kò ní fi yín sílẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ti ẹ̀yìnkùlé yín ti lanu láti ọdún méje, baba sì ń sọ fún wa pé òun ń dúró kí ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. A ó tún un kọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láìbi ògiri náà ní nǹkan kan. Irin mẹ́rin ni yóò wà nínú òpó kọ̀ọ̀kan.

Kí Ọlọ́run tí ń gbọ́ èyí tí a kò lè fẹnu sọ tù yín nínú, kí ó ṣe òpó tí ilé yín yóò máa fẹ̀yìn tì, kí ó sì jẹ́ pé ayọ̀ ni ìwé wa tó kàn yóò bá wọlé yín.

Akọ̀wé Àgbà, lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́.

Àfikún: Ìyá wa, a fi ẹ̀dà ìwé yìí ránṣẹ́ sí yín lánàá kí ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ sì dá a padà pẹ̀lú àtúnṣe kan ṣoṣo. Ìpàdé ti fọwọ́ sí ohun tó wà lókè, a kò lè pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n a ti ní kí agbẹ́gilére sinmi ná, a sì ti kó fáìlì padà fún igbákejì láàárọ̀ yìí. Bí ẹ ṣe kọ ọ́ gan-an ni a ṣe fi í síbí: "Etí ọ̀tún ọkọ mi ti dí pátápátá kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá."