Òkúta Tó Wà Lójú Ọ̀nà

Peckham, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀

Uncle Sùlé, ọ̀gá mi, ṣì ń kùn, ṣùgbọ́n inú mi dùn.

A ń tún ọgbà ilé àtijọ́ kan ṣe lórí òkè ní Forest Hill, nílùú Ọba níbí. Ọ̀nà tí Uncle yà sórí ìwé gba orí òkúta kan tí wọ́n kọ orúkọ sí. Ní abúlé wa, àyíká ilé la máa ń sin bàbá ẹni sí. Mo ju ṣọ́bìrì sílẹ̀.

“Uncle, ẹ má bínú, mi ò lè hú sàréè bàbá onílé.”

“Olórí kunkun! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni?”

Màmá tó ni ilé jáde, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ajá wọn ni wọ́n sin síbẹ̀! Ló bá di pé omijé ń bọ́ lójú wọn. Ojú ti ń tì wọ́n láti sọ fún Uncle pé àwọn ò fẹ́ kí wọ́n hú u. Uncle fúnra wọn ló yí ọ̀nà náà gba ẹ̀gbẹ́.

Nínú bọ́ọ̀sì, Uncle ní, “Nítorí ajá!”

Kó tiẹ̀ jẹ́ ológbò, mi ò ní hú u.