Mẹ́fà sí Lọ́ọ̀fù

Àbígbẹ̀yìn mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú ìfaradà ìlú ńlá tí ẹnikẹ́ni kì í ti í kí ẹnikẹ́ni. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé orí ò fọ́ ọ? Ṣé ẹsẹ̀ tí o fi ń sáré kiri yẹn ò wú? Bí o ṣe ń jáde láàárọ̀, láyọ̀ ni wàá máa wọlé lálẹ́, òkúta ò ní gbá ọ lẹ́sẹ̀, bọ́ọ̀lù ò sì ní bà ọ́ lójú. Àwa náà wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Orúnkún ń dun ìyá rẹ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ẹnu ò dùn ún rárá, o mọ̀ ọ́n kúkú.

Kí n tó lọ jìnnà, ọ̀rọ̀ kóòtù ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Láti ọjọ́ tí o ti kọ̀wé sí wa pé kóòtù lo máa ń wà láràárọ̀ kí o tó lọ síbi iṣẹ́, n kò sùn dáadáa mọ́. Mo ń rò ó pé irú ẹjọ́ wo ni ọmọ mi ń jẹ́ tí kò tán láti ọdún tó kọjá? Mo tiẹ̀ ti bẹ akọ̀wé fẹ̀yìntì tó wà ládùúgbò wa pé kó bá mi kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí adájọ́. Ìyá rẹ ló gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ní ibi tí ẹ ti ń gbá tẹ́níìsì lẹ ń pè ní kóòtù. Ó yẹ kí n ti fura, torí o sọ pé ìwọ àti ẹni tí ẹ jọ lọ síbẹ̀ máa ń bọra yín lọ́wọ́ bí ẹ bá parí, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ló ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Láti ìgbà tí o ti gbé ràkẹ́ẹ̀tì ni ṣọ́ọ̀bù mi ti di ilé ìgbìmọ̀. Onígbàjámọ̀ á pa ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ tì, télọ̀ á gbé ẹ̀rọ rẹ̀ jù sílẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jókòó sáàárín èérún pákó, ọ̀rọ̀ kan náà la ó sì máa fà: ta ló mọ tẹ́níìsì gbá jù láti ìgbà ìwáṣẹ̀? Onígbàjámọ̀ ní àwòrán ọkùnrin kan lára ògiri, ó wọ ṣòkòtò gígùn funfun, ó gbá ràkẹ́ẹ̀tì onígi mú. Orúkọ rẹ̀ ti parẹ́ lára ìwé, Baba Onígi la wá ń pè é. Onígbàjámọ̀ ní kò sẹ́ni tó tó o, ó ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Télọ̀ ní kó fi àkísà sílẹ̀ fún òun tóun ń ránṣọ. Ó ní ìgbà ò lọ bí òréré, ọmọbìnrin kan wà lóde báyìí tí òun ń wò nínú fóònù, tí a sọ ní Àrá torí bó ṣe ń lu bọ́ọ̀lù, ó ní bí Baba Onígi bá dúró níwájú Àrá, ṣòkòtò funfun yẹn á bọ́. Èmi, ẹ̀yìn Baba Onígi ni mo wà. Káfíńtà ni mí, mi ò lè kẹ̀yìn sí pákó.

Fídíò tí o fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá náà dé, a wò ó. O ju bọ́ọ̀lù sókè, ó lọ sókè, kò wálẹ̀ mọ́. Nǹkan róbótó kan ń pòòyì láàárín fóònù, àwa náà ń wò ó, a ń dúró de bọ́ọ̀lù. Onígbàjámọ̀ ní Baba Onígi ò lè jù ú ga tó bẹ́ẹ̀ láé. Nígbà tó di ọ̀sán tí bọ́ọ̀lù ò tíì balẹ̀, oníkálukú padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni ọ̀rọ̀ tí o kọ nípa ìdíje wọ inú fóònù mi. Mo rí i pé mẹ́fà sí lọ́ọ̀fù ni, lẹ́ẹ̀mejì. Mo sáré bá télọ̀, torí òun ló gbọ́ òyìnbó jù nínú wa, ó ní ìfẹ́ ni wọ́n ń pè ní lọ́ọ̀fù. Háà! Inú mi dùn débi pé mo fi òòlù lu àtàǹpàkò ara mi. Ìfẹ́ mẹ́fà lẹ́ẹ̀mejì, méjìlá nìyẹn! Ọmọ mi lọ sí kóòtù, ó kó ìfẹ́ méjìlá bọ̀! Onígbàjámọ̀ fẹnu ara rẹ̀ gbà pé nínú gbogbo ìtàn Baba Onígi tóun ń sọ, kò síbi tó ti gba tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó sì lẹ fọ́tò rẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Èmi mú ọ̀dà pupa, mo kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù pé BÀBÁ ONÍFẸ̀Ẹ́ MÉJÌLÁ. Àwọn tó ń kọjá ń wò mí tìyanu-tìyanu, obìnrin kan tiẹ̀ bi mí bóyá ìyá rẹ mọ̀ sí i.

Ìyá rẹ dé, ó ka pátákó, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó ní òdo ni lọ́ọ̀fù nínú tẹ́níìsì. Òdo! Ó ní mẹ́fà ni ti ẹnì kejì, òdo ni tìẹ. Ó wá fi ìka ti ojú fóònù sókè, àṣé ọ̀rọ̀ rẹ ò tíì tán, n kò mọ̀ pé ìwé máa ń sá pa mọ́ sábẹ́ fóònù bí ajá tó sá sábẹ́ bẹ́ńṣì. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọ̀gá tó ń kọ́ ọ, tó mọ ìyá rẹ nígbà tí òun náà ń gbá tẹ́níìsì léwe, ló ń sọ lójoojúmọ́ pé o ò tó ìyá rẹ, ìwọ náà wá kọ ọ́ pé ó ti sú ọ, pé o ò ní lọ síbi ìdíje Sátidé tó ń bọ̀, pé wàá fi ràkẹ́ẹ̀tì rẹ tọrẹ. Mo jókòó gbì sórí àga tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà. Ọmọ mi, ó dùn mí. Ìwọ ń sunkún lọ́hùn-ún, èmi ń fi ọ̀dà pupa yọ̀ níbí.

Ìyá rẹ fa àga kan, ó jókòó tì mí. Ìgbà tó máa la ẹnu, ohun tí kò sọ fún mi láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló jẹ́wọ́. O mọ bí a ṣe pàdé. O mọ̀ pé ó gbé ràkẹ́ẹ̀tì onígi tó ṣẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, ó ní ó já bọ́ lórí kẹ̀kẹ́, mo lẹ̀ ẹ́ pọ̀, mo ní kó padà wá lọ́jọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ àtè náà kò gbà ju òwúrọ̀ kan lọ kó tó gbẹ, mo kàn fẹ́ tún un rí ni. Irọ́ ni kẹ̀kẹ́ o! Ìdíje rẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti nà án ní mẹ́fà sí lọ́ọ̀fù lẹ́ẹ̀mejì, bíi tìẹ gẹ́lẹ́, ló bá fi ìbínú la ràkẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀, ó ní òun ò gbá a mọ́ láyé òun. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ojú tì í, ló bá gbé e wá bá wa. Ó ní kí n sọ fún ọ̀gá rẹ yẹn pé ibi tí òun ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ṣé o rí i? Ká ní ó jẹ ayò kan péré lọ́jọ́ náà, inú lè má bí i tó bẹ́ẹ̀, ràkẹ́ẹ̀tì ò bá má ṣẹ́. Ká ní kò ṣẹ́, kò bá má wá. Ká ní kò wá, èmi ì bá ṣì máa kan ilẹ̀kùn fún àwọn ẹlòmíràn tó nílé, tó láya, ìwọ ò bá sì má sí. Lọ́ọ̀fù yẹn gan-an la fi bí ọ, kí ẹnikẹ́ni má tún sọ létí mi pé òdo ni.

Ní ti pé ta ló dáa jù láàárín ìwọ àti ìyá rẹ, mo ti rò ó. Ayùn ọwọ́ ni bàbá mi fi ń la pákó, ilẹ̀kùn kan ló ń kàn lọ́sẹ̀. Èmi ń fi ẹ̀rọ là á, mo ń kan mẹ́rin. Àwọn kan ní bàbá mi ló mọṣẹ́ jù, àwọn kan ní èmi ni. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó fẹ́ wọlé tó kọ́kọ́ bi ilẹ̀kùn pé ta ló kàn ọ́, ó kàn ń ṣí i wọlé ni. Bọ́ọ̀lù ìyá rẹ ti balẹ̀ tipẹ́. Èyí tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ ni kí o gbá.

Ìyá rẹ ní kí n fi ràkẹ́ẹ̀tì onígi náà ránṣẹ́ sí ọ, kí o gbé e kọ́ síbi tí wàá ti máa rí i. Mo kan àpótí fún un, mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń fi ẹrù ránṣẹ́. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kí n buwọ́ lù ú, mo fọwọ́ lù ú gbàmù, akọ̀wé ní bírò lòun ń wí. Fọ́ọ̀mù tún ní kí n kọ iye tí ẹrù náà jẹ́. Mo kọ ọ́ pé kò níye. Akọ̀wé ní kọ̀ǹpútà òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ kò níye, ó ní bí kò bá ti níye, kí n kọ òdo. Mo wo ojú rẹ̀ títí, mo gba bírò, mo kọ LỌ́Ọ̀FÙ.

Bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún mi kí n fi rán ṣòkòtò, torí ọ̀dà àga ọjọ́sí ti ba èyí tó wà nídìí mi jẹ́, télọ̀ ò sì mọ ọ̀rẹ́ tó bá dọ̀rọ̀ owó iṣẹ́. Má fi í sínú fóònù o, torí n kò mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣí i kó owó jáde, mo ti fi irin wò ó, kò ṣí.

Lọ síbẹ̀ ní Sátidé. Apá rẹ ò ní rọ, ẹsẹ̀ rẹ ò ní yẹ̀, àwọ̀n ò ní mú bọ́ọ̀lù rẹ, wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire. Bí ó bá tún jẹ́ lọ́ọ̀fù, gbé e wálé bẹ́ẹ̀, àtè wà.

Èmi ni bàbá rẹ, Káfíńtà,
Bàbá Onífẹ̀ẹ́ Méjìlá. Ìyá rẹ ní n kò gbọdọ̀ pa á rẹ́.