Kọ̀ǹpútà Tí Mo Gbé Lé Ààrò Ẹja

                                        Ilé Ìyá Sagbo,
                                        Ẹ̀bá Òkun, Gbẹ̀rẹ̀fù,
                                        Àgbádárìgì,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Keje, ọdún 2024.

Látífàt, ọ̀rẹ́ mi tó ju iyèkan lọ,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o. Báwo ni ilé? Ṣé àlàáfíà ni Adégbóyèga ọkọ rẹ wà? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ara wọn le? Ìyá wa ńkọ́, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n yẹn, ṣé ó ti ń fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀ díẹ̀? Ṣé òjò ń rọ̀ ní Ìṣẹ́yìn bó ṣe ń rọ̀ níbí? Tiwa kò dáwọ́ dúró. Ọ̀sà ti kún dé ìdí igi àgbọn, kò sì sí aṣọ kan nínú ilé tí kò rùn bí èyí tí wọ́n ká ní tútù. Ara mi le, bí èèyàn bá fẹ́ ká pè é bẹ́ẹ̀. Mò ń jẹun, mò ń yan ẹja, mo sì ń sùn.

O ó máa sọ lọ́kàn rẹ pé kí ló dé tí Oyèrónkẹ́ ń kọ lẹ́tà láyé tí gbogbo èèyàn ń tẹ fóònù. Má bínú. Mo ti pè ọ́ rí nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Bó o ṣe gbé e tó o ní, "Rónkẹ́, ṣé kò sí o?" ni mo gbé ẹkún mì, tí mo wá ń bi ọ́ ní ìbéèrè nípa ẹ̀fọ́. Ìwọ náà á ti rò pé orí mi kò pé mọ́. Bó bá jẹ́ pépà, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ẹkún mi nínú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà Dosi ọkọ mi ni, lápútọ́ọ̀pù dúdú yẹn, tòkunbọ̀ tó rà kó tó bá ọkọ̀ apẹja lọ sí Gàbọ́ọ̀nù. O rántí rẹ̀ dáadáa, torí òun ni ìwọ àti Ìyìnolúwa ọmọ mi gbé kalẹ̀ lábẹ́ àgbọn nígbà tó o wá kí wa lẹ́yìn Kérésì. Ẹja pọ̀ lórí iná lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè kúrò nídìí ààrò, mo ní kó o bá mi jókòó ti ọmọ kó sọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà fún bàbá rẹ̀. Fóònù mi kò ní kámẹ́rà, nẹ́tíwọ́ọ̀kù ibí kò sì lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ dé Gàbọ́ọ̀nù. A ní ẹni tó bá kọ́kọ́ ń lọ síbẹ̀ yóò bá wa mú un dání. O padà sílé. Kò pẹ́ sígbà náà tí ibà kọlu ọmọ mi, tí a gbé e sọdá ọ̀sà lọ sí Àgbádárìgì, tí a kò sì mú un padà wá.

O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe òkú ọ̀fọ̀. Àwọn àgbà ló sin ín, wọn kò jẹ́ kí n mọ ibẹ̀. Ìyá ọkọ mi kó aṣọ rẹ̀, wọ́n kó bàtà rẹ̀, wọ́n yọ fọ́tò rẹ̀ kúrò lára ògiri, kí ojú mi má baà máa bá a pàdé. Àwọn tó wá kí mi ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Mo ní ẹ ṣeun. Lọ́kàn mi, mo ní agbè ọ̀hún ìbá kúkú fọ́ kí n sinmi. Láti ìgbà náà kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ nínú ilé mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ pè mí ní Ìyá Ìyìn á yí i sí Àǹtí láàárín ọ̀nà. Kì í ṣe ìkà ni wọ́n fi ṣe é. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn, ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ náà kò ní ṣe é bí òmíràn. Kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni wọn kò kó, nítorí wọn kò mọ̀ pé ọmọ náà wà nínú ẹ̀.

Ọ̀gá ọkọ̀ kò fi Dosi sílẹ̀ kó wá. Nígbà tó pè, ó sunkún títí mo fi rò pé fóònù ló bàjẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló tẹnu mọ́, pé kí n bá òun tọ́jú kọ̀ǹpútà náà, òun ń bọ̀ wá gbọ́ ohun tí ọmọ òun sọ fún òun. Mo ṣèlérí. Àbí kí ló kù fún un? Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, kò sí nílé nígbà tó ń kú, wọ́n sì ti kó gbogbo ohun tó lè fọwọ́ kàn kúrò nílẹ̀.

Èmi gan-an kò gbọ́ ọ tán rí. Mo ṣí i lẹ́ẹ̀kan nígbà tí Ìyá ọkọ mi lọ sọ́jà. Ojú rẹ̀ yọ, pẹ̀lú àlàfo eyín tó ká yẹn. Ó ní, "Dàádì, ẹ káàárọ̀ o. Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín." Mo pa á dé. Mi ò lè ṣe é, Látífàt. Mo ní ìgbà tí Dosi bá dé, àwa méjèèjì á jọ gbọ́ ọ. Ìgbà tí mo tún fi máa ṣí i lóṣù Karùn-ún, pé kí n wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́, fáànù inú ẹ̀ ń kérora bí jẹnẹrétọ̀ tó fẹ́ẹ́ kú, ìdí ẹ̀ gbóná janjan, kò sì tíì jí tán tó fi pa ara ẹ̀.

Ẹlòmíràn ìbá gbé e lọ sí Mowo lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe. Ẹ̀rù ló bà mí. Akóredé tó ń fi ọkọ̀ kó èrò sọdá níbí gbé fóònù ìyàwó rẹ̀ fún ẹnì kan ṣe lọ́dún tó kọjá. Ìgbà tó gbà á padà, ó ń ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbá gbogbo fọ́tò inú ẹ̀ dànù. Mo ní ọmọ mi kò ní í bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí mi ò mọ̀. Sagbo, àbúrò Dosi tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, ló ní kí lèyí tó ń bà mí lẹ́rù, eruku lásán ni, ká tú u ká gbá a. Ọwọ́ Sagbo dá lórí ẹ́ńjìnnì, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn, ó sì fẹ́ràn ọmọ yẹn.

A tú u lórí ẹní. Ó kọ́kọ́ yọ bátìrì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń kó àwọn síkúrù wínníwínní yẹn sínú ìdérí ìgò bó ṣe ń tú wọn. Ìgbà tí ìdí ẹ̀ ṣí, háà! Gbogbo ohun tí à ń mí sínú nílé yìí ló wà níbẹ̀. Eruku àti èéfín ẹja ti dì mọ́ fáànù bí irun àgùntàn. Okùn àgbọn wà níbẹ̀, iyanrìn wà níbẹ̀, ẹyin aáyán náà kò gbẹ́yìn. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbá a jẹ́jẹ́ títí ó fi mọ́. Ká ní a fi í mọ bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ìbá tán. Sagbo wá tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó rí ohun funfun tó hu lára àwọn irin kéékèèké inú ẹ̀. Ó fìka kàn án, ó tọ́ ọ wò. Ó fi Ègùn ké pe Ọlọ́run, ó ní, "Mawu! Iyọ̀ ni, nọ̀ví. Òkun ti wọ inú ẹ̀." Nọ̀ví ló máa ń pè mí, bí ìgbà tí àwa méjèèjì bá jọ jẹ́ ọmọ ìyá.

O kò gbé ẹ̀bá òkun, o lè má mọ̀. Níbí, iyọ̀ ni ọ̀tá ohun gbogbo tó jẹ́ irin. Ó ń jẹ páànù, ó jẹ ìdè ilẹ̀kùn wa tán. Bí ẹ́ńjìnnì bá já sínú òkun, ẹni tó bá ní aṣọ lòun máa kọ́kọ́ fi nù ún ti pàdánù ẹ̀. Omi tí kò níyọ̀ ni wọ́n ń yára fi fọ̀ ọ́, kí wọ́n tó wá gbẹ ẹ́. Kò sí ọmọ ibí tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Sagbo ní iyọ̀ kì í gbọ́ ti búrọ́ọ̀ṣì, omi nìkan ló ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Omi kànga wa náà níyọ̀ díẹ̀, nítorí náà omi òjò la gbọ́n, a sì fọ̀ ọ́. A fọ gbogbo ẹ̀. Ohun pẹlẹbẹ tó ń kó ọ̀rọ̀ pa mọ́ sí wà lára ẹ̀ níbẹ̀, a kò yọ ọ́, a kò mọ̀ pé ó ṣeé yọ. Inú mi dùn bí mo ṣe ń rí omi dúdú tó ń ṣàn lára ẹ̀. Mo ní mò ń fọ ojú fún ọmọ mi.

Sagbo kìlọ̀ fún mi pé oòrùn ni ká sá a sí títí yóò fi gbẹ dénú, pé ká má kánjú. Oòrùn wo? Òjò kò jẹ́ ká rí àwọ̀ ojú ọ̀run. Ibẹ̀ la wà tí Dosi fi pè láti Kútọnù, ó ní òun ti dé, ọ̀la lòun ń wọlé. Ara mi kò gbà á mọ́. Jẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe rò ó, kó o má baà sọ pé wèrè ni mí. Nígbà òjò, orí ààrò ẹja la ti ń gbẹ ohun gbogbo níbí, bàtà, ìwé ọmọ iléèwé, gàrí tó rin. Fóònù Sagbo já sínú ọ̀sà rí, orí ààrò mi ló ti jí. Mo kó ẹja kúrò, mo fi èèpo àgbọn dá iná jẹ́jẹ́ tí kò lahọ́n, mo gbé kọ̀ǹpútà lé orí wáyà. Sagbo ti sọdá lọ síbi iṣẹ́. Mo jókòó tì í, mò ń yí i bí mo ṣe ń yí ẹja, mò ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Nígbà tí òórùn rọ́bà kọ́kọ́ jáde, mo ní omi ara ẹ̀ ló ń lọ. Nígbà tí mo fi máa fọwọ́ kàn án, ó ti ká kò bí ewé.

Ìgbà tó ti bọ́ tán la wá gbé e lọ sí Mowo lọ́jọ́ kejì. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀, Olúwaṣèyí, kò bú wa. Ó ní búrọ́ọ̀ṣì yẹn nìkan ti tó, ká ní a dá a padà lẹ́yìn tí eruku kúrò, ó ṣeé ṣe kó jí. Omi tó kù sínú ẹ̀ ló hó lórí iná, ibi tí ọ̀rọ̀ wà ti jóná sínú. Ó so ó mọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀, kò rí nǹkan kan. Mo ní kó tún un wò. Ó tún un wò. Mo ní lẹ́ẹ̀kan sí i. Sagbo ló fà mí lọ́wọ́ jáde. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ta ni kò mọ̀ ọ́n sórí? Ọwọ́ ni kì í rántí.

Dosi dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ti gbẹ, irùngbọ̀n ti gba gbogbo ojú rẹ̀. Kò jókòó, kò mu omi, ó ní kọ̀ǹpútà dà. Mo gbé e fún un, mo sì sọ gbogbo ẹ̀, mi ò jẹ́ kí Sagbo bá mi ru ẹ̀bi ààrò. Mò ń retí kó nà mí. Ì bá nà mí, ì bá sàn. Ó gbé nǹkan náà sí imú, ó gbóòórùn ẹ̀, ẹja ló ń rùn. Ó wá rọra béèrè pé kí ni Ìyìn sọ. Mo ní ọmọ náà kí i, ó sì ní òun fẹ́ sọ nǹkan kan fún un. Ó ní lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?

Èmi ìbá dákẹ́. Mo ní ọmọ náà ní kí bàbá òun tètè máa bọ̀ nílé, pé àárò rẹ̀ ń sọ òun. Ó wò mí, ó ní, "Èdè wo ló fi sọ ọ́?" Mo ní Yorùbá. Ó rọra gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀. Ó ní Yorùbá ni Ìyìn fi ń kí òun nítorí pé èmi ni mo kọ́ ọ, ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá ti ní òun fẹ́ sọ nǹkan kan, Ègùn, èdè ilé àwọn, ló máa ń fi sọ ọ́, kò yẹ̀ rí láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní kí n má parọ́ mọ́ ọmọ òun mọ́. Ó sì jáde. Ìtìjú bò mí débi pé mi ò lè sunkún.

Láti ìgbà náà kò bá mi jà, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ ju ká kí ara wa lọ. Abẹ́ àgbọn ló máa ń jókòó sí. Ìyá rẹ̀ ní kó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ, a kì í pe òkú ọ̀fọ̀. Ó ní òun kò pe ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún òun lòun ń wá. Ọkọ̀ rẹ̀ máa tó gbéra padà. Ẹ̀rù ń bà mí pé bó bá fi báyìí lọ, kò ní padà sọ́dọ̀ mi mọ́, mi ò sì rí ibi tí mo ti máa dá a lẹ́bi.

Bá mi kí Adégbóyèga dáadáa. Kí àwọn ọmọ fún mi, gbá wọn mọ́ra. Kí Ìyá wa náà, sọ fún wọn pé ẹja yíyan wọn ń bọ̀, kí wọ́n máa gbàdúrà fún mi.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé yìí ni pé ìwọ nìkan lo jókòó ti Ìyìn nígbà tó ń sọ̀rọ̀ náà. Mo mọ̀ pé o kò gbọ́ Ègùn, ìwọ tó o máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹnu àwọn ará ibí ń sáré jù. Jọ̀wọ́, má sọ ohun tó o rò pé ó sọ fún mi. Má tún un ṣe, má foyin sí i. Ìró tí etí rẹ gbà ni kó o kọ, bó o ṣe gbọ́ ọ, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, ì báà jẹ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀. Orúkọ Dosi ni kó o kọ sára àpòòwé náà, mi ò ní ṣí i. Bí kò bá sì sí nǹkan kan létí rẹ mọ́, fi pépà òfìfo ránṣẹ́ sí i, kó lè mọ̀ pé mo béèrè.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní ẹlòmíràn tó lè bi léèrè,
Oyèrónkẹ́.