Olè Mọ́kàndínlógún Àdúgbò Wa

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà
Kí n san gbèsè ná ká tó kíra: ọjọ́ mọ́kànlá ni mi ò fi kọ nǹkan kan síbí. Iṣẹ́ ni. Aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn, ogójì. Ó ti tán. Ó yá, o kú ọjọ́ mẹ́ta, ìwé mi.

Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri káńsù lónìí. Olè jíjà ní òpópónà wa: oṣù márùn-ún àkọ́kọ́ lọ́dún tó kọjá, mẹ́fà, oṣù márùn-ún tọdún yìí, mọ́kàndínlógún. Nítorí náà, láti oṣù tó ń bọ̀, kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù máa tì ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Aago mẹ́fà! Ìgbà tí àwọn oníbàárà mi ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ gan-an nìyẹn. Nínú aṣọ mẹ́wàá tí mo bá rán, méje ni wọ́n ń wá gbà lẹ́yìn aago mẹ́fà. Tí mo bá ń tì, abẹ́rẹ́ mi náà á lọ sùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún
Onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ti ń wá ṣọ́ọ̀bù síbòmíì. Ó ní, "Ìyá Abẹ́rẹ́, inú ihò olè la wà yìí o." Mo ní ṣé ó rí olè mọ́kàndínlógún náà ni? Ó ní ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ìwé ò lẹ́nu. Ẹnìkan ló bá a sọ ọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà
Òjò. Mo rán apá aṣọ sódì nítorí mọ́kàndínlógún.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje
Mo wọ ojúlé dé ojúlé, láti igun dé igun. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n jí gbé lọ́dọ̀ yín lọ́dún yìí?" Àwa méje la fi tiwa sun ọlọ́pàá. Èmi, áyọ́ọ̀nù tí wọ́n gbé lóṣù kìíní. Onígbàjámọ̀, kílípà tó fi ń gẹ irun. Àwọn márùn-ún míì. Méjìlá yòókù dà?

Àwọn mẹ́ta kan tún rọra sọ ọ́: wọ́n jí nǹkan wọn, wọn ò lọ sọ fún ọlọ́pàá. Oníbúrẹ́dì ní, "Sílíńdà gáàsì mi ni, ẹ̀gbọ́n. Ta ni yóò lọ jókòó de ọlọ́pàá, kí búrẹ́dì máa jóná nílé?"

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ
Àgọ́ ọlọ́pàá. Ọmọbìnrin tó ń kọ̀wé níwájú — Bíírò-Ò-Sinmi ni mo sọ ọ́ — ṣí ìwé ńlá fún mi. Ọmọ dáadáa. Mo ń fi ìka tọ ìlà. Aránṣọ, áyọ́ọ̀nù. Aránṣọ, áyọ́ọ̀nù. Ìlà mẹ́sàn-án! Gbogbo ìgbà tí mo lọ béèrè pé "ṣé ẹ ti rí i?" ló ń kọ ọ́ ní tuntun. Ti Onígbàjámọ̀, ìlà márùn-ún. Àwọn márùn-ún yòókù, ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó pé mọ́kàndínlógún géérégé.

Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Wọ́n ní ẹni tó bá ti wọlé, kí n kọ ọ́. Ìwé ò láyè fún ẹni tó padà wá." Mo ní ta ló ń kọ ọ́ lọ́dún tó kọjá? Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá padà wá, ńṣe ni bàbá ń lé e síta.

Áà. Olè gbé áyọ́ọ̀nù mi lẹ́ẹ̀kan. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ló jí i lẹ́ẹ̀mẹjọ tó kù.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá
Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá káńsù. Ìṣirò tí mo kọ́ dé ìwé mẹ́fà tó láti gbé e. Onígbàjámọ̀ kà á, ó fò sókè. "Méje ni kẹ́ ẹ kọ! Kí lẹ fẹ́ fi mẹ́ta tí ò lọ sọ ṣe? Ẹnu yín ló máa pa yín." Kò purọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní ìṣirò wọn ò pé, tí mo wá gé tèmi kù, kí ni mo fi sàn jù wọ́n lọ? Mo kọ ọ́ bó ṣe rí, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni: méje tí a fi sùn, mẹ́ta tí a ò fi sùn. Lọ́dún tó kọjá, mẹ́fà tí a fi sùn. Iye àwọn tó dákẹ́, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká máa ṣí di aago mẹ́jọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá
Mo gbé ẹ̀dà lẹ́tà lọ sí àgọ́. Bíírò-Ò-Sinmi gbà á, ó ṣí ìwé ńlá, ó bẹ̀rẹ̀: "Aránṣọ, áyọ́..." Mo gbá ọwọ́ ẹ̀ mú. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Mo wá gbé lẹ́tà gan-an fún ọ̀gá káńsù. Ó ní kí n máa padà wá béèrè èsì. Mo ní rárá o, sà. Mo ti mọ ohun tí àpadàbéèrè ń bí. Ṣọ́ọ̀bù mi ò sá lọ; kí wọ́n wá bá mi níbẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún, ni gbèdéke tí mo fún wọn.